Aṣọ Ìrìbọmi Nínú Agbọ̀n Obì

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni ọkọ mi gbé mi lọ sí abúlé yẹn. N kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹnu mi sì mú ju abẹ lọ. Ìjọ tí ń pa Sátidé mọ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi ni tiwa. Bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, a ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, a ò gbọdọ̀ ná ọjà, a ò gbọdọ̀ fọ aṣọ, ó di ìgbà tí oòrùn bá tún wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìjọ yìí ló yan ọkọ mi ní ajíhìnrere, tó ní kó lọ máa wàásù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Nígbà tí mo gbọ́ Rẹ́mọ, Ṣàgámù ni mo rò, níbi tí iná ìjọba wà, tí ọkọ̀ ń lọ tó ń bọ̀. Ni wọ́n bá gbé wa kọjá Ṣàgámù. Wọ́n gbé wa kọjá Ìkẹ́nnẹ́. Wọ́n gbé wa kọjá Ìrólù, ọ̀dà tán lójú títì, mo ṣì ń retí pé kí ẹnì kan sọ pé a ti dé. Nígbà tí a wá dé lóòótọ́, mo jókòó sórí àpótí aṣọ mi ní gbangba ìta, mo ní n kò wọlé.

Ìyá àgbà kan ló ni ilé tí wọ́n ti fún wa ní yàrá méjì. Opó ni, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti tú ká lọ sí Èkó àti Ṣàgámù. Òun ló jáde sí mi lọ́jọ́ náà, ó gbé igbá omi lé mi lọ́wọ́. "Ìyàwó," ó ní, "mu omi ná. Tó o bá mu ún tán, kó o wá máa bínú rẹ lọ." Mo wo ọwọ́ tó fi gbé igbá. Ó pupa rúsúrúsú láti ìka dé ọrùn ọwọ́, mo rò pé làálì ló lé. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé obì ló ń fọ̀ jẹun láti kékeré. Bí wọ́n bá ti ká obì, tí wọ́n là á, tí wọ́n sì rẹ ẹ́ kí awọ funfun ara rẹ̀ lè bọ́, àwọn obìnrin bíi tirẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ọwọ́ yí i nínú omi, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á kó o fún àwọn tó ń wá rà á láti Sábó ní Ṣàgámù. Mo mu omi náà tán, mo sì wọlé. Ẹ má rò pé ìbínú mi tán o.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré lórí ọ̀dà lónìí, ẹ ò mọ ohun tí à ń pè ní ìrìnàjò. Alùpùpù kan ni ìjọ fún wa, bíréèkì rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àfi nígbà tó bá wù ú. Igi ọ̀pẹ méjì ni wọ́n gbé dábùú odò tó wà láàrin àwa àti Ìrólù. Tí a bá dé ibẹ̀, èmi á sọ̀kalẹ̀, màá ru àwòrán Bíbélì tí a ká bí ẹní lé orí, ọkọ mi á máa ti alùpùpù lórí igi kan, èmi á máa tọ èkejì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan tí a ń lọ wàásù ní oko kan, bíréèkì kọ̀ jálẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a bá já sínú ọ̀gọ̀dọ̀ tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sí láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi dìde, ó gbọn ara nù, ó ní iṣẹ́ Olúwa kò gbọdọ̀ dúró. Ó wàásù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè jókòó sún mọ́ wa, òdìkejì àgbàlá ni wọ́n ti ń ṣe àmín, wọ́n sì di imú mú. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí, ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ tí a pàdánù. Bátìrì rédíò wa ti kú, òjò sì ti há wa mọ́lé. Àwọn ará abúlé kì í ka Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè, ọjà ọrọọrún ni wọ́n fi ń ka ọjọ́. Àwa náà kà títí, a ṣì í kà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni a fi ṣe Ọjọ́ Ìsinmi, a wọ aṣọ, a kọ orin, a sinmi dáadáa. Ní ọjọ́ kejì, mo gbé àdá, mo tẹ̀lé ọkọ mi lọ sí ìdí ẹ̀gẹ́ wa lẹ́yìnkùlé. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ìyá àgbà, tó ń fi ọjọ́ ọjà ka Sátidé tirẹ̀, ló dúró yẹn, ó wé gèlè, ó gbé Bíbélì tí kò lè kà sábẹ́ apá, ó ń wo àdá ọwọ́ mi. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé wọ́n ti yí i padà ni?" Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Òun ló kọ́kọ́ gbàgbọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn márùn-ún mìíràn tẹ̀ lé e, obìnrin mẹ́rin àti ọkùnrin kan, obì ni gbogbo wọn ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò tíì gba oyè àlùfáà, kò ní àṣẹ láti ri ẹnikẹ́ni bọmi. Báyìí ni wọ́n ṣe ń dúró, tí a ń dúró, títí ọdún kan fi kọjá tí èkejì sì ń lọ sópin. Ni lẹ́tà bá dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ. Wọ́n ní tí ọdún bá parí tí kò bá sí ẹni tí a rì bọmi ní abúlé náà, kí a palẹ̀ ẹrù wa mọ́, wọn yóò ti ibẹ̀ pa.

Ká ní oṣù kìn-ín-ní tí a dé ni lẹ́tà yìí dé, ijó ni mi ò bá jó. Ọkọ mi kà á sókè, ó wo ojú mi, ó rò pé inú mi á dùn. Inú bí mi! Inú bí mi gan-an, ó sì ya èmi pàápàá lẹ́nu. Mo wo ìyá àgbà tó ń yí obì nínú omi lábẹ́ igi, mo rò ó pé ta ni yóò máa ka Bíbélì fún un. Mo ní kí ọkọ mi kọ̀wé sí Pásítọ̀ àgbà ìjọ wa ní Mákun, ní Ṣàgámù, ẹni tó ní àṣẹ ìrìbọmi, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó fèsì pé Sátidé kan ṣoṣo ni òun lè yà sọ́tọ̀ fún wa kí ọdún tó parí. Ó ní kí ẹnì kan wá mú òun lọ́nà ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, kó sì wá gba aṣọ ìrìbọmi. Ọkọ mi ní láti dúró kó àpò iyanrìn dí odò kó lè jìn tó ìbàdí, èmi ni mo lọ. Àárọ̀ kùtù ni mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Ìrólù, mo wọ ọkọ̀ dé Ṣàgámù, orin ni mò ń kọ lọ́nà. Ní Mákun, wọ́n kó aṣọ méje fún mi, mẹ́fà fún àwọn tó fẹ́ wọmi, ọ̀kan fún Pásítọ̀ fúnra rẹ̀. Funfun gbòò ni, wọ́n ti fi sítáàṣì sí i, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n sì dì í sínú àpò bébà. Ìyá tó ń tọ́jú wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà."

Pásítọ̀ àgbà jẹ́ ọkùnrin fìrìgbọ̀n, ọkọ̀ ìjàpá sì ni ọkọ̀ rẹ̀. Tó bá wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ náà máa ń mí kanlẹ̀. Ó ti pẹ́ kí a tó kúrò, òjò àrọ̀kúrò sì pàdé wa ní ìkọjá Ìrólù. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi kì í lọ sókè, omi ń dà lé mi lórí, mo gbá aṣọ mọ́ra bí ọmọ tuntun. Kò pẹ́ sí i, táyà ẹ̀yìn méjèèjì rì sínú ẹrẹ̀. Mo bọ́ sílẹ̀, mo tì í, ẹrẹ̀ ta sí mi lójú, ìjàpá kò mira. Pásítọ̀ ń wo oòrùn láti inú ọkọ̀. "Arábìnrin," ó ní, "ó ku bíi wákàtí kan." Ó mọ̀, mo mọ̀: tí oòrùn bá wọ̀ tán, ẹrù gbígbé ti di èèwọ̀ fún wa.

Ibẹ̀ ni a wà tí ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù kan fi yọ. Alájì kan tó ń ra obì ló ni ín, Hausa tí wọ́n bí sí Sábó, ó ń lọ yíká àwọn abúlé láti kó obì jọ, abúlé tiwa sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ó gbọ́ èdè Rẹ́mọ jù mí lọ, èmi ọmọ Yorùbá. Ó ní kí Pásítọ̀ wọlé síwájú, kí èmi náà rún ara mi mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò bébà aṣọ mi ti rẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń já, ibi tí a ó sì jókòó sí kò gba ọwọ́ mi pàápàá, áńbọ̀sì ẹrù.

Mo wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Agbọ̀n obì ló kún ibẹ̀, wọ́n fi ewé gbòdògì tẹ́ gbogbo wọn nínú, wọ́n sì fi ewé bò wọ́n lórí. Ọgbọ́n bá ta sí mi lágbárí. Mo ní ewé tí ń gbé obì láti ibí dé Kánò tí kì í gbẹ, tí kì í sì rà, ṣé kò ní lè gbé aṣọ dé abúlé wa lábẹ́ òjò? Agbọ̀n kan wà tí obì inú rẹ̀ kò ju ìdajì lọ. Mo fi ewé tuntun bo obì náà, mo to aṣọ méjèèje lé e, mo tún fi ewé bò ó lórí.

Alájì dúró, ó ń wò mí. "Ìyàwó Pásítọ̀ kékeré, aṣọ funfun lẹ̀ ń kó síbẹ̀ yẹn?"

"Alájì, ẹ jẹ́ n ṣe tèmi. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

Ó gbé èjìká sókè, ó sì gbé e sílẹ̀. Ará Sábó ni, ó ti ń rí agídí obìnrin nídìí obì láti kékeré. Ó tún àwọn agbọ̀n tò, ó de okùn, a sì gbéra.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí a dé orí igi ọ̀pẹ méjì, èyí tí wọ́n ti sọ di mẹ́fà kí ọkọ̀ lè gbà á kọjá, Pásítọ̀ fi ọwọ́ kan èjìká Alájì. Ó ní òun fẹ́ kó dúró díẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀, òun fẹ́ fi àdúrà gba Ọjọ́ Ìsinmi wọlé. Alájì ní, "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ìrun Màgàríbì ló ń sáré lé èmi náà." Òjò ti dá. Alájì bu omi odò, ó ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ àpò sórí koríko, ó kọjú sí ìlà oòrùn. Pásítọ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ṣí fìlà, ó gbé orin. Mo wà láàrin àwọn méjèèjì, ẹrẹ̀ ti gbẹ sí mi lójú, inú mi dùn débi pé ẹkún ń gbọ̀n mí. A ti bá oòrùn sáré, ẹrù ti wọ ọkọ̀ kó tó wọ̀, a sì ti borí! Alájì kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, ó ní ọ̀nà òun ni.

Wọ́n ti ń kọrin dè wá nígbà tí a dé. Oòrùn ti wọ̀, nítorí náà Alájì fúnra rẹ̀ ló gbé agbọ̀n mi wọ yàrá. Mo rí i pé ó kọ́kọ́ gbé agbọ̀n méjì mìíràn kúrò lórí rẹ̀ kó tó lè gbé e, ṣùgbọ́n mi ò fiyè sí i. Mo sùn bí òkú.

Ní ìdájí, mo ṣí ewé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nínú oko obì ti mọ ohun tí mo rí, ẹ ti ń fi mí rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí mo ti dárúkọ agbọ̀n. Obì inú agbọ̀n méjì tí wọ́n gbé lé tèmi lórí, obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó awọ rẹ̀ ni, omi ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Omi náà ti kán sínú aṣọ mi láti òkè. Obì ìsàlẹ̀ sì ti fọ́ nínú gbágungbàgun, tirẹ̀ gba ewé kọjá wá pàdé ti òkè. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèje tó bọ́. Òmíràn pọ́n lẹ́yìn, òmíràn pọ́n láyà, ti Pásítọ̀ pọ́n láti ọrùn dé ìsàlẹ̀.

Mo gbé ọṣẹ. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. "Ọjọ́ Ìsinmi ni."

"Bí màlúù bá já sí kòtò lọ́jọ́ ìsinmi, ṣebí wọ́n máa ń fà á jáde!"

"Aṣọ kì í ṣe màlúù."

Mo já ọwọ́ mi gbà, mo kó aṣọ méjì, mo gba ẹ̀yìnkùlé sáré lọ sí odò, èmi ìyàwó ajíhìnrere. Mo fọ̀ ọ́, mo bó o mọ́ òkúta, mo tún fi ọṣẹ sí i. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ló ń dúdú sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo mọ̀ pé tí Pásítọ̀ bá padà sí Mákun láìri ẹnikẹ́ni bọmi, abúlé yẹn tán fún wa, agídí tèmi ló sì pa á.

Ẹ̀rín ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi. Ìyá àgbà ti wẹ̀, ó ti ró ìró tó mọ́, ó dúró létí omi. "Ìyàwó, fi ọṣẹ sílẹ̀. Ọṣẹ tó ò ń fi sí i, ń ṣe ló ń bọ́ ọ yó. Àwọ̀ obì éè lọ." "Kì í" tiwa ni àwọn ará Rẹ́mọ ń pè ní "éè".

Kí n tó nu ojú, Pásítọ̀ àti ọkọ mi ti ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù, wọ́n kó aṣọ tó kù dání. Pásítọ̀ wo aṣọ, ó wo ìfófòó ọṣẹ lọ́wọ́ mi, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun kò bínú sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìrìbọmi àkọ́kọ́ nílùú kan kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹ̀gbin ṣe. Ó ní bóyá kí a mú sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Ọkọ mi wolẹ̀. Èmi tí ẹnu mi mú ju abẹ lọ, mo fi aṣọ tó rẹ pamọ́ sẹ́yìn mi bí olè.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ níwájú Pásítọ̀ tó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ mi. Ọwọ́ tí mo fi bọ́ ọmọ méje nìyí, òun ni mo fi wẹ ọkọ mi nígbà tó kú. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ti fi ọsàn fọ̀ ọ́, éè lọ. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí àwọ̀ obì wà lára rẹ̀ éè lè wọ omi yín, ẹ sọ fún mi kí n máa lọ sílé. Mééè ní ọwọ́ mìíràn."

Àwọn márùn-ún yòókù náà wo ọwọ́ ara wọn. Omi ń dún nídìí àpò iyanrìn. Pásítọ̀ wo ọwọ́ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa aṣọ tirẹ̀ jáde, èyí tó pọ́n láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó gbé e wọ̀. Kò sọ pé òun ṣì sọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́ sí ìyá àgbà, ó ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ wọlé."

Nígbà tí orí rẹ̀ jáde nínú omi, igbe ayọ̀ tí mo ké, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé oko kejì. Mo fò, mo dì mọ́ ọn, gbogbo ara mi rẹ. Pásítọ̀ gbàdúrà ìparí, ó sì dúró pẹ́ lórí àwọn tí ìkánjú ń bá jà nínú ìjọ. Mo ṣe àmín tèmi sókè. Ọdún parí, wọn kò ti ibẹ̀ pa.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ènìyàn mẹ́sàn-án ni wọ́n fẹ́ wọmi. Ìjọ Mákun rán aṣọ tuntun sí wa, tiwa láéláé, wọ́n dì í mọ́ ọ̀rá. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni mo ti gbà á, mo tì í mọ́ àpótí aṣọ tí mo jókòó lé lọ́jọ́ tí a dé, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ há ìdí ìró mi. Ọjọ́ Tọ́sìdeè, mo gba oko kan bọ̀, mo bá okùn tí wọ́n ta sí àgbàlá. Aṣọ mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀, gbogbo wọn pọ́n rokoṣo bákan náà. Ìkòkò ńlá ṣì wà lórí iná, ìyá àgbà sì jókòó tì í, ó ń fi igi ro omi obì. Ọwọ́ ọkọ mi ló ti gba kọ́kọ́rọ́ kejì, ọkọ mi kò sì béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Mo pariwo. Mo ní aṣọ tuntun! Mo ní ta ló rán an níṣẹ́!

Kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, "Ìyàwó, àwa mẹ́fà wọmi nínú aṣọ obì. Bí àwọn èyí bá wá wọ funfun, wọ́n á rò pé àwọn mọ́ jù wá lọ."

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá mo gba igi lọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a ro ó. Ọjọ́ Jímọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, Pásítọ̀ dé, ó wo orí okùn, ó wá wo èmi. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i kó rí i, ó ti pọ́n dé ọrùn ọwọ́. Mo ní, "Àwọ̀ ìjọ wa nìyẹn, sà."